Orí Keje: Aṣọ Ọdún Àwọn Ẹlẹ́rìí

Jọláadé tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni.

Ó gbé ojú kúrò lórí awò alágbára, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn àárọ̀ kò tíì mú rárá. Ìdajì Àánú wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, òkúta sìmẹ́ǹtì tí kò tóbi ju ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́ lọ. Ayùn ti là á láàárọ̀ yìí, ojú ibi tí ayùn gbà sì ń dán bí ojú dígí. Àwọn ìlà tín-ín-tín-ín yí etí rẹ̀ ká, ọ̀kan lórí èkejì, bí awọ àlùbọ́sà. Ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àánú sì ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú omi.

"Òkúta kì í hu awọ," ó sọ fún ara rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹnì kan ló wọ̀ ọ́ fún un."

Ó wo gbogbo Ilé Ẹlẹ́rìí yíká bí ẹni tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ògiri. Inú àpáta Òkè-Ìṣọ́ ni wọ́n gbẹ́ ilé náà sí, adágún gbọọrọ kan sì wà láàárín rẹ̀, tí omi inú àpáta ń sun wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án lóru. Nínú omi yìí ni àwọn ẹlẹ́rìí jókòó sí, ogójì ni wọ́n, wọ́n sì fín orúkọ kálukú sí i níwájú: Sùúrù, Ìdúpẹ́, Ìfaradà, Àánú, Ìmísí. Tí sìmẹ́ǹtì bá pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti ń gbó ni wọ́n ń sọ ẹlẹ́rìí lórúkọ, pẹ̀lú oyin àti àdúrà, ẹni tó bá sì sọ ọ́ lórúkọ ni òbí rẹ̀ títí ayé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìlú ní lọ́wọ́ wọn: báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí omi tó jẹ sìmẹ́ǹtì yìí já?

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè kò jìnnà. Etí odò, níbi tí ènìyàn lè rí láti ẹnu ọ̀nà, ni irinwó àgbá irin dúró sí lábẹ́ páànù. Eérú ilé iná núkílíà tó ti kú létí òkun ló wà nínú wọn, eérú tí kì í tutù, tó ń pa láìfọwọ́kàn. Ìpẹtà ti ń jẹ àwọn àgbá náà. Láti ìgbà òjò tó kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ ìṣọ́ tí gbogbo ará ìlú ń fi sọ́rùn láti mọ̀ bí eérú náà bá ti kàn wọ́n, tó yẹ kó funfun bí eyín, ti ń pọ́n lọ́rùn àwọn ọmọ apẹja. Wọ́n ti odò pa. Bí Jọláadé bá ti sọ lọ́sàn-án òní pé sìmẹ́ǹtì yìí tó, wọn yóò mọ àgbá kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, wọn yóò kó wọn wọ inú ibojì tí wọ́n ti gbẹ́ sínú àpáta, odò yóò sì ṣí. Òun náà yóò sì gba oyè ọ̀mọ̀wé tó ti fi ọdún márùn-ún lépa.

Òfin wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́:

*Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ tó ìran ogún.*

*Ẹni tó bá ní ó tó, ẹnu ibojì ni yóò kọ́lé sí, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.*

*Ẹni tó bá fọwọ́ ba ẹlẹ́rìí jẹ́, yóò kọjá òkúta ààlà kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Kò ní sùn sínú ilẹ̀ ìlú yìí mọ́, láàyè tàbí lókùú.*

Ó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ orin. Kò sí àárọ̀ kan láyé tí Bàbá Ìmísí kò kọrin wọlé.

"*Òwúrọ̀ mìíràn là, Olúwa, mo tún jí bá àánú Rẹ…* Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà." Jọláadé kúnlẹ̀.

"Dìde, dìde. Ẹni tó máa di ọ̀mọ̀wé lọ́sàn-án òní! Láti ọ̀la lọ, ṣé èmi ni n ó máa dọ̀bálẹ̀ fún ọ ni?" Bàbá náà gbé abọ́ kan tí wọ́n fi àwo dé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí epo igi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó àwọn ẹlẹ́rìí wọnú omi lòun nìkan ti ń tọ́jú wọn. "Mọ́ínmọ́ín nìyẹn, ó ní ẹyin nínú. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi inú òfo sọ."

Jọláadé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó fi ọwọ́ bo ojú Àánú bí ẹni tó ń bo ìhòòhò ọmọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà. Nínú oṣù Kejìlá, tí a bá ti wọn àwọn ẹlẹ́rìí tán, tí a sì ti lọ sílé fún ọdún, kí lẹ máa ń ṣe fún wọn kí ẹ tó dá wọn padà sómi?"

Ojú bàbá náà là, bí ìgbà tí wọ́n bá béèrè ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! O ti rí i! Mo máa ń sọ pé ọjọ́ kan lẹnì kan á rí i. Aṣọ ọdún ni, Jọláadé. Aṣọ ọdún wọn ni."

"Aṣọ ọdún?"

"Ọmọ wo lo mọ̀ tó ń wọ àkísà lọ́jọ́ Kérésì? Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ. A gbàdúrà lé wọn lórí, a fi oyin tọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a kó wọn jáde láti wọ̀n wọ́n, mo wò wọ́n, gbogbo ara wọn funfun hán-ún hán-ún bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Ó dùn mí. Mo po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, mo jẹ́ kó ṣàn bí ògì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n lára fẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà tó gbẹ, wọ́n dán! Ó wá di ìṣe mi lọ́dọọdún. Sìmẹ́ǹtì ara mi ni o, mi ò fọwọ́ kan ti ìjọba."

Jọláadé gbá tábìlì mú. Ara tó funfun yẹn gan-an lòun ti fi ọdún márùn-ún wá kiri. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì, tí omi ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń gbé jáde, ni funfun náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi àwọn ẹlẹ́rìí sómi ni kí wọ́n lè mọ bí omi ti ń rìn sí. Lọ́dọọdún, bí omi bá ti fẹ́ wọlé sí wọn lára, á bá aṣọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ náà lomi ti ń jẹ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ara ọmọ kò tíì kàn án.

"Gbogbo wọn ni, Bàbá? Gbogbo ogójì?"

Bàbá Ìmísí gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wo ìkángun adágún lọ́hùn-ún, níbi tí ẹlẹ́rìí kan jókòó sí lóun nìkan.

"Mọ́kàndínlógójì," ó ní. "Mi ò wọṣọ fún Ìmísí. Òkú kì í ṣọdún, ọmọ mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà ní Òkè-Ìṣọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Ìmísí nígbà tí ibà gbé e lọ, ní ọdún tí wọ́n da àwọn ẹlẹ́rìí náà gan-an. Aṣọ Kérésì rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ télọ̀ lọ́jọ́ tó lọ. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ru iyanrìn, wọ́n sì ní kó sọ ẹlẹ́rìí kan lórúkọ. Orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà ló sọ ọ́. Ìyá ọmọ náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Àwọn méjèèjì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn ilé ìjọsìn, àyè ẹnì kan sì ṣẹ́ kù láàárín wọn, tí bàbá náà ń tu koríko ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé gbogbo.

"Jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ kó tó tutù," ó ní. "Mo ń lọ nu àga Baálẹ̀."

Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde tòun ti orin rẹ̀.

Jọláadé kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Ó rìn lọ sí ìkángun adágún, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé Ìmísí jáde kúrò lómi. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, gbogbo igun rẹ̀ ti jẹ, ó sì funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tó sáré nínú ọyẹ́. Ó fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Jọláadé mọ̀ pé ó fúyẹ́. Lọ́dọọdún ló ń fúyẹ́ sí i, tí ìwọ̀n àwọn yòókù kò sì yẹ̀. Ní abala kẹrin ìwé tó kọ fún oyè rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé: *Àpòpọ̀ Ìmísí kò dára tó. A yọ ọ́ kúrò nínú ìṣírò.*

Nínú ogójì ẹlẹ́rìí, ọ̀kan ṣoṣo ló sọ òótọ́. Òun náà ni wọ́n lé kúrò ní kóòtù.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta tútù náà lórí itan rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Bó bá sọ pé ó tó, kò sí ẹni tí yóò tú àṣírí rẹ̀ títí òun, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi di erùpẹ̀. Ẹni tí ìyà náà yóò jẹ kò ní orúkọ, kò ní ojú. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìmísí ní ojú. Mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ṣì ń rú èéfín lórí tábìlì. Òtítọ́ tí Jọláadé bá sọ lọ́sàn-án òní ni yóò gbá bàbá náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ títí ayérayé, nítorí pé ó fẹ́ràn òkúta bí ọmọ.

"Olúwa," ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ pé kò ṣe é níkà." Agogo ìlú sì dún.

*

Ojú àpáta ni wọ́n ń jókòó sí fún irú ìdánwò báyìí, nítorí òfin sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe é níbi tí ará ìlú kò ti lè dé. Wọ́n ti ta aṣọ amóòrùn sókè, aṣọ dúdú tó ń mu oòrùn láti fi tan iná ìlú lálẹ́, ìlú sì kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́. Okùn funfun kan wà ní àárín, ó ṣe róbótó. Àga mẹ́ta wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan àti Akọ̀wé.

Ẹ̀rọ ni Akọ̀wé, àpótí irin tó ga dé àyà ènìyàn, tí ohùn rẹ̀ jọ ti olùkọ́ ọmọdé tó ti rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú okùn funfun, ó ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọwọ́ tó lè pa á rẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn okùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Baálẹ̀ jókòó sórí àga kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbádé jókòó sórí èkejì, obìnrin àgbà tí orí rẹ̀ funfun, tó ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú Ilé Ẹlẹ́rìí yìí kó tó di olùkọ́ Jọláadé. Àga kẹta jẹ́ ti òbí ẹlẹ́rìí tí wọ́n là. Ìyá Ṣùpọ́ ló jókòó sí i, apẹja tí kò rí odò wọ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe la Àánú mi bí ẹni la iṣu," ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bẹ ọmọ yìí wò, kò kí mi rí. Ọmọ aláìmoore! Ẹ ṣáà fún mi ní ìdajì tèmi, kí n fi ti ilẹ̀kùn."

"A la ẹlẹ́rìí," ni Akọ̀wé wí. "Ìdajì kan, ti ìlú ni. Ìdajì kejì, ti òbí rẹ̀ ni."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," Ìyá Ṣùpọ́ dá a lóhùn. "Irin yìí, o máa ń dá sí ọ̀rọ̀ jù."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Jọláadé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìgò omi ìjẹ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi náà mọ́ gaara bí omi òjò, ṣùgbọ́n bó bá kan sìmẹ́ǹtì tó ṣì ní agbára lára, kíá ni yóò pọ́n. Ibi tí omi ilẹ̀ bá ti jẹ agbára náà tán, kò ní pọ́n rárá. Ó fọ́n ọn sójú Àánú. Àánú pọ́n bí omi ìṣápá láti etí dé etí. Ariwo ayọ̀ sọ. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè kó lè rí i, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọmọ náà sì ti pọ́n bíi ti Àánú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbádé dìde. "Jọláadé Ọ̀ṣúnsànmí, o ti bá àwọn ẹlẹ́rìí gbé. O ti ka ìwé wọn. Ìbéèrè ìlú kò ju ọ̀kan lọ. Sìmẹ́ǹtì yìí, bí a bá fi séńtímítà méje rẹ̀ yí àgbá kọ̀ọ̀kan ká, ṣé ó tó ìran ogún, àbí kò tó?"

Jọláadé wo Ìyá Ṣùpọ́. Ó wo ọmọ tó wà lókè. Lẹ́yìn okùn, ní iwájú pátápátá, Bàbá Ìmísí dúró nínú agbádá tó ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó ń mi orí sí i bí ẹni tó ń sọ pé, "Sọ ọ́, ọmọ mi, sọ ọ́."

"Kí n tó dáhùn," Jọláadé sọ, "mo bẹ̀bẹ̀ kí a la ẹlẹ́rìí kan sí i."

"Òfin gbà á," ni Akọ̀wé wí, "bí òbí rẹ̀ bá gbà. Èwo?"

"Ìmísí."

Ìró kan gba àárín èrò kọjá, bí afẹ́fẹ́ nínú oko àgbàdo. Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbádé le. "Ìmísí? Ẹlẹ́rìí tí a ti yọ kúrò? Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé kò dára."

"Mo kọ ọ́, mà. Mo ṣi í kọ."

Bàbá Ìmísí kò mi orí mọ́. "Kí ló dé, ọmọ mi?" ó béèrè láti ẹ̀yìn okùn. "Kí ni Ìmísí ṣe?"

Jọláadé gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn funfun, ó lọ bá bàbá náà, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó sọ ọ́ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀: ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, funfun tó dà bí ọyẹ́, aṣọ tí omi ń jẹ dípò ara. Kò pẹ́ ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ tó ń pa ènìyàn kì í gùn.

"N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, Bàbá," ó parí rẹ̀. "Ẹ ṣáà gbà kí a la Ìmísí. N ó sọ pé èmi ni mo ṣìṣe, òótọ́ sì ni. Ẹ má kọjá okùn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Bàbá náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Mo ń fọ́ wọn lójú," ó ní nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé mò ń bo àwọn ọmọ láṣọ ni. Ojú ni mò ń fọ́ wọn."

"Bàbá, ẹ kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ báyìí, àbí? Ó ti ju ìṣẹ́jú kan lọ tí mo ti mọ̀." Ó fa Jọláadé dìde. "Tí wọ́n bá bi ọ́ pé, ta ló wọ̀ wọ́n láṣọ, o fẹ́ parọ́ nítorí mi? Nínú ilé tí mo ti ń gbálẹ̀ fún òtítọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó kọjá okùn funfun. Ó gbé ti òsì. Ó rìn lọ bá Akọ̀wé, ó sì ṣí fìlà bí ẹni tó dé iwájú pẹpẹ.

"Èmi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ìmísí," ó sọ fún un. "Gbọ́ mi dáadáa, má gbàgbé. Èmi ni mo fi sìmẹ́ǹtì kun mọ́kàndínlógójì nínú àwọn ẹlẹ́rìí lára, lọ́dọọdún, nínú oṣù Kejìlá. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọmọbìnrin yìí ò mọ̀, àfi láàárọ̀ yìí. Mi ò fọwọ́ kan Ìmísí. Mo gbà kí ẹ là á."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé Ìmísí wá, ó gbá a mọ́ àyà bí wọ́n ti ń gbé ọmọ tó sùn. Òun ló gbé e sábẹ́ ayùn tí wọ́n gbé jáde láti inú ilé. Nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì dẹ́kun títí òkúta náà fi là sọ́tùn-ún sósì.

Jọláadé fọ́n omi ìjẹ́wọ́ sí i.

Àárín Ìmísí pọ́n, ó pọ́n ju Àánú lọ. Ṣùgbọ́n kò pọ́n dé etí. Etí rẹ̀ yíká ni ó ti dúró gẹ́lẹ́ bí ẹni tó dé bodè, ìyókù sì ṣá bí eérú. Jọláadé gbé rúlà lé e, ó sì ké iye rẹ̀ sókè kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́.

"Séńtímítà méjì, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Omi kì í yára bákan náà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bó ti ń wọlé sí i ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo sí i: kí ọ̀nà tó rìn tó di ìlọ́po méjì, ó gba ìlọ́po mẹ́rin àkókò. Yóò dé séńtímítà mẹ́rin ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Yóò dé mẹ́jọ bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún bá kù díẹ̀ kó pé. Ìran ogún nìyẹn, bí a bá ka ìran kan sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Séńtímítà méje ni a sì fẹ́ mọ. Ìran mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gbà, ìran kẹrìndínlógún yóò sì mu eérú." Ó mí kanlẹ̀. "Mo rí i pé Ìmísí ń fúyẹ́, mo sì lé e jáde nítorí pé kò bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé mi kò dúró. Kò tó."

"Kò tó," ni Akọ̀wé wí.

"Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ yọ ọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbádé sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Kọ ọ́ sílẹ̀, Akọ̀wé. Èmi ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo sì ń kánjú."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó kàn. Jọláadé dá wọn lóhùn bó ti lè ṣe: kí wọ́n mọ ọ́n ní séńtímítà mẹ́wàá, kí wọ́n gbẹ́ ibojì náà fẹ̀ sí i, ọdún méjì ni yóò gbà, àwọn àgbá náà sì lè fara dà á fún ọdún mẹ́rin. Ìkùnsínú pọ̀. Ọdún méjì sí i láìsí odò! Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, pé ta ni yóò wà níbẹ̀ ní ìran kẹrìndínlógún?

"Jókòó, ìwọ!" Ìyá Ṣùpọ́ ké mọ́ ọn. "Èmi tí ebi odò ń pa dákẹ́, ìwọ tó ń ta bàtà ń pariwo. Tí àwọn tó dáná yẹn nígbà náà bá ti béèrè pé ta ni yóò wà níbẹ̀, ǹjẹ́ àwa kọ́ nìyí?"

Ẹni náà jókòó. Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé ka òfin kẹta jáde, láìbínú, láìṣàánú, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. *Láàyè tàbí lókùú.*

Baálẹ̀ bo ojú. Òun àti Bàbá Ìmísí jọ ru iyanrìn náà ni.

"Ṣé ó di dandan?" Ìyá Ṣùpọ́ béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Òkúta ààlà kò ju òkúta lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé e síwájú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé e kọjá ibi tó bá kọ́lé sí. Ọwọ́ mi gbé e."

"Àwọn baba wa kì í ṣí òkúta ààlà," Baálẹ̀ dáhùn. "Bí a bá ṣí i nítorí ẹni tí a fẹ́ràn lónìí, a ó ṣí i nítorí ẹni tó lágbára lọ́la. Ta ni yóò wá gba ibojì yẹn gbọ́?" Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Arákùnrin mi, dárí jì mí."

"Òfin dára," ni Bàbá Ìmísí wí. "Èmi ni mo máa ń nu eruku kúrò lára rẹ̀."

*

Òkúta ààlà wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ti yà sí oko. Gbogbo ìlú sìn ín débẹ̀. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ fún un, wọ́n gbé ẹní rẹ̀ àti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ṣùpọ́ kó ẹja gbígbẹ tó kù nílé rẹ̀ pátá fún un, ó ní kó má dúpẹ́, pé ẹja náà ti gbó. Baálẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìṣọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣì funfun.

Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí Jọláadé sáré dé, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì gbé nǹkan tí ó fi aṣọ wé dání.

"Ìdajì kan ti ìlú ni," ó ní. "Ìdajì kejì, ti òbí rẹ̀ ni."

Bàbá Ìmísí ti kọjá òkúta náà. Ó na ọwọ́ láti òdìkejì, ó gbà á, ó sì tú aṣọ náà. Ó gbé ojú ibi tí ayùn gbà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Pupa náà kò tíì parẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà tó wà láàárín pupa àti eérú, díẹ̀díẹ̀, yíká.

"Ibi tí omi dé rèé?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n ò ní jẹ́ kí n sùn sáàárín wọn mọ́," ó ní, kò sì wo ẹ̀yìn wo ibi tí ilé ìjọsìn wà. "Nígbà tó bá tó àkókò, gbé eléyìí sí ìgbèrí mi."

"N ó gbé e síbẹ̀."

"Àwọn ẹlẹ́rìí tuntun tí o máa dà ńkọ́? Wọ́n á funfun lọ́yẹ́."

"N ó jẹ́ kí wọ́n funfun, Bàbá."

Ó mi orí. Ó fi aṣọ wé òkúta náà padà, ó rọra wé e, ó sì gbé e sí èjìká bí wọ́n ti ń gbé ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó gùnfẹ̀.

"Ọmọ mi ò purọ́," ó wí, ó sì yí padà sí ọ̀nà oko.